Òkúta dí ọ̀nà òróòro àbúrò wa: ṣé ká dúró de okùn oníkámẹ́rà tuntun láti Paris?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, SS ni. Ojú rẹ̀ sábà máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta ó ti ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń gbọ̀n, ó sì ń fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú. Wọ́n ṣe ekografí (àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán inú ikùn), wọ́n ní òkúta ló dí ọ̀nà òróòro rẹ̀. Dókítà ní ká tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti ki okùn oníkámẹ́rà bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti ṣí ọ̀nà náà. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Paris ní ká má gbà, pé okùn tí wọ́n ti kì bọ ẹlòmíràn lẹ́nu máa ń kó àrùn tí oògùn kì í ràn ranni. Ó ní èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan péré tí wọ́n ń sọ nù ti wà, òun á rà á, òun á fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ká dúró? (Ìyá Ìbejì, Kétu)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ rántí pé lálẹ́ ọjọ́ tí ìbéèrè yín dé ọ̀dọ̀ mi, gbólóhùn kan ni mo fi ránṣẹ́ padà: ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ lálẹ́ yìí. Àlàyé kò sí níbẹ̀, nítorí kì í ṣe àsìkò àlàyé. Nísinsìnyí tí ara ti tù ú díẹ̀, ẹ ní kí n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á fún ẹ̀gbọ́n yín tí inú ṣì ń bí ní Paris. Kò burú. N kò ní sọ pé ó parọ́. Òótọ́ ló sọ nípa okùn náà. Aago ni kò wò.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí: nọ́ọ̀sì ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ń gbé, ọdún 19 ni mo sì fi ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń fi okùn oníkámẹ́rà wo inú ènìyàn. Dókítà ló ń ti okùn wọlé. Èmi ni mo ń bá a di wáyà mú, èmi náà ni mo sì ń fọ okùn yẹn nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ jẹun. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ lójú mi pé okùn kan mọ́, mo mọ ìbéèrè tí mo máa bi í.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn. Ẹni tó bá ti pa adìyẹ rí mọ òróòro: omi kíkorò aláwọ̀ ewé yẹn, tó bá fi lè bẹ́ sára ẹran, ọbẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Ọ̀nà tóóró kan ló ń gbé e lọ síbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà náà kò sì fẹ̀ ju nǹkan bíi mílímítà 6 tàbí 7 lọ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹnu rẹ̀ nínú ìfun dà bí orí ọmú kékeré. Tí òkúta bá há síbẹ̀, òróòro kò ráyè kọjá mọ́, omi tó bá sì dúró sójú kan, rírà ni yóò rà. Kòkòrò àìfojúrí inú ìfun á gòkè wọnú rẹ̀, á máa bí sí i, agbára omi tó há náà á sì máa tì wọ́n wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ lè fi oògùn apakòkòrò sínú sẹ́rọ́ọ̀mù, omi tí wọ́n ń fà sí iṣan, ó sì yẹ kí wọ́n tètè fi í, ṣùgbọ́n oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú òróòro tí ọ̀nà rẹ̀ bá ti dí. Àfi kí a ṣí i.

Charcot, dókítà ará Faransé, ti kọ àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ láti ọdún 1877: ibà pẹ̀lú gbígbọ̀n, ojú pípọ́n, ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Ní 1959, Reynolds àti Dargan fi méjì kún un: kí iyè aláìsàn máa dà rú, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ẹni tó bá ti dé orí ìkarùn-ún, ẹ̀mí rẹ̀ wà létí bèbè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ SS ti wọlé nìyí, ó sì yẹ kí gbogbo ìdílé tó bá ní SS tẹ́tí sí i. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń gbé nǹkan bíi 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti SS kì í ju nǹkan bíi 10 sí 20 lọ. Gbogbo èyí tó bá kú ló ń tú àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àwọ̀ náà ló ń gba inú òróòro jáde, bó bá sì ti pọ̀ jù, ó ń dì di òkúta dúdú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 24 fi lè ní òkúta tí a máa ń rí lára ìyá àgbà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú àwọn ọmọ wa wọ̀nyí kò funfun láti kékeré, kò sì sẹ́ni tó máa ń ta gìrì bó bá pọ́n sí i. Wọ́n á ní ibà ló ń ṣe é. Wọ́n á ra oògùn ibà ní famasí, ọjọ́ mẹ́rin á lọ, ọjọ́ márùn-ún á lọ. Kí ẹ má wo ojú nìkan. Ẹ wo ìtọ̀: ṣé ó ti dúdú bí omi tíì? Ẹ wo ìgbẹ́: ṣé ó ti funfun bí ẹfun? Ṣé ara ń yún un tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sùn? Bí ìgbẹ́ bá ti funfun, ọ̀nà ti dí nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ tó ń kú lásán kì í sọ ìgbẹ́ di funfun.

Àkókò wá ńkọ́? Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà Yúróòpù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbé jáde ní 2019 kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Bí ìfúnpá bá ti já, kí wọ́n ṣí ọ̀nà náà ní kíákíá, kó má ju wákàtí 12 lọ. Bí kò bá tíì le tó bẹ́ẹ̀, láàárín wákàtí 48 sí 72. Èyí tó fúyẹ́ nìkan ni wọ́n lè fi sí ọjọ́ tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àbúrò yín ti lo ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ibà kí ẹ tó kọ̀wé. Láti Kétu gba Pọ́bẹ̀ àti Ṣakété dé Àjàṣẹ́ lé ní 100 kìlómítà, Kútọnu sì ṣì kù níwájú. Nínú ìṣirò yìí, níbo ni “ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” máa wọ̀ sí?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí okùn náà, nítorí ẹ̀gbọ́n yín yẹ lẹ́ni à ń dá lóhùn.

CPRE ni àwọn dókítà wa ń pe iṣẹ́ fífi okùn oníkámẹ́rà ṣí ọ̀nà òróòro yìí ní Faransé. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà, 1974 sì ni àwọn ará Jámánì àti Japan bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà la ẹnu ọ̀nà òróòro kí òkúta lè jáde. Okùn dúdú gígùn kan ni, ó nípọn bí ìka ọwọ́. Kámẹ́rà fibroscopie lásán, èyí tí wọ́n fi ń wo inú àpòlúkù, iwájú ló ń wò. Ti èyí, ẹ̀gbẹ́ ló ń wò, bí ẹni tó jókòó sójú fèrèsé nínú ọkọ̀, nítorí ara ògiri ìfun ni ẹnu ọ̀nà òróòro wà. Wáyà tí dókítà bá tì jáde nínú okùn náà ní láti yí sókè kó tó lè wọlé. Irin kékeré kan ní orí okùn ló ń yí i, kò ju èékánná ọmọ ọdún méjì lọ. Èékánná náà ni àwa tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń pè é.

Ìyà tí èékánná yìí ti fi jẹ mí kì í ṣe kékeré. Bí dókítà bá ti fa okùn jáde, n kò ní jẹ́ kó gbẹ. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ń fi aṣọ tó rin fún omi ọṣẹ nù ún láti òkè délẹ̀, tí mo sì ń fi ẹ̀rọ fa omi ọṣẹ gba inú ihò rẹ̀ kọjá. N óò gbé e lọ sí yàrá ìfọǹkan, n óò fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, n óò rì í sómi, n óò sì tẹjú mọ́ ọn bóyá omi ń hó níbì kan, nítorí ihò bí ojú abẹ́rẹ́ tó láti ba okùn tí owó rẹ̀ tó ogún mílíọ̀nù sẹ́fà jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì gígùn á gba inú ihò kọjá, títí yóò fi jáde láìní àbàwọ́n. Ìgbà náà ló kan èékánná. N óò gbé e sókè, n óò fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ha ẹ̀yìn rẹ̀. N óò sọ ọ́ sílẹ̀, n óò ha iwájú. N óò gbé e dé ìdajì, n óò ha ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, n óò tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kì í dé wà níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, gbogbo ẹni tó bá ti fọ̀ ọ́ rí mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wọ inú oògùn apakòkòrò, a óò fi omi mímọ́ ṣan án, a óò sì fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ tinú tìta kí a tó gbé e kọ́. Kò sí bí ọwọ́ ṣe lè yá tó, ó lé ní wákàtí kan. Ẹni tó bá sì fi ìkánjú gbé e kọ́ pẹ̀lú omi nínú, kòkòrò á ti bí ọmọ bí ọmọ-ọmọ síbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

Ẹ fi kúràn (iná mànàmáná) tó ń lọ àti omi tó ń dá kún un.

Ó yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí omi kì í dá ni àṣírí èékánná ti kọ́kọ́ tú. Rotterdam ní 2012, Seattle lẹ́yìn rẹ̀, Los Angeles ní 2015: àwọn aláìsàn tó ti gba CPRE kó kòkòrò tí oògùn apakòkòrò tó lágbára jù kò ràn, nígbà tí wọ́n sì wá ìdí rẹ̀ kiri, orí okùn ni wọ́n bá a, àní okùn tí wọ́n fọ̀ bí ìwé ṣe wí. Ìròyìn tí ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2016 ka ìbẹ́sílẹ̀ irú rẹ̀ 25 ó kéré tán láàárín 2012 sí 2015, ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ó sì kan ènìyàn 250 ó kéré tán. Àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn lọ́dọ̀ wọn wá ní kí àwọn tó ń ṣe okùn náà yẹ àwọn tó ti di fífọ̀ wò. Èsì 2019 fi hàn pé nínú 100, nǹkan bíi 5 ṣì gbé kòkòrò tó léwu lára. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, FDA ní kí àwọn ilé-ìwòsàn máa yí díẹ̀díẹ̀ sí okùn tí apá kan rẹ̀ tàbí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àlòsọnù. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, wọ́n fọwọ́ sí àkọ́kọ́ tó jẹ́ àlòsọnù pátápátá, ti Boston Scientific. Ti Ambu, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Denmark, tẹ̀ lé e ní oṣù keje 2020.

Gbogbo èyí ni ẹ̀gbọ́n yín kà, kò sì ṣàṣìṣe. Àmọ́ FDA kan náà sọ pé irú iṣẹ́ yìí tó lé ní 500,000 ni wọ́n ń ṣe lọ́dún kan ní Amẹ́ríkà, pé ewu kíkó àrùn lára okùn kò pọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ sá fún iṣẹ́ tó pọn dandan. Apá ibi tí àwọn ènìyàn kì í kà dé nìyẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti àpò ìrìn-àjò. Ká ní okùn náà balẹ̀ ní Kútọnu lọ́jọ́ kejì, kò wúlò fún nǹkan kan. Okùn àlòsọnù kì í dá ríran. Àpótí kan wà tí wọ́n ń kì í bọ̀, òun ló ń gbé àwòrán sójú tẹlifíṣọ̀n, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Okùn ti ẹni yìí kò bá àpótí ti ẹni yẹn mu. Bí ilé-ìwòsàn tí ẹ ń lọ kò bá ní àpótí yẹn, rọ́bà olówó iyebíye ni ẹ gbé lọ́wọ́. Láìtíì sọ ti dókítà tí kò di irú rẹ̀ mú rí, tí ẹ fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí àbúrò yín.

Síbẹ̀, n kì í ṣe ọ̀tá okùn àlòsọnù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òru ọjọ́ kan fún yín, ní ilé-ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gbé ìyá oníkajú kan dé láti Ṣábẹ̀ẹ́ ní aago méjì òru, ojú pọ́n bí ìyeyè, ara ń jó bí iná, ó ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹlòmíràn. Okùn kan ṣoṣo ni a ní. A ti lò ó fún ẹnì kan nírọ̀lẹ́, inú ẹ̀rọ ìfọkùn ló wà. Bí dókítà ṣe ń wọṣọ, kúràn lọ, ẹ̀rọ sì dúró sí agbede-méjì. Ẹ̀rọ tó bá dúró sí agbede-méjì, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé okùn inú rẹ̀ mọ́. Mo yọ ọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, títí jẹnẹrétọ̀ fi gbà. Ọmọbìnrin ìyá náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé, “Ìyá nọ́ọ̀sì, kí la tún ń dúró dè?” Mo ní, “Omi.” Nǹkan bíi wákàtí méjì ni a fi dúró. Ìfúnpá ìyá náà ń já, dókítà ń tú sẹ́rọ́ọ̀mù sí i lára. Nígbà tí a ṣí ọ̀nà náà, ọyún ló kọ́kọ́ tú jáde kí òróòro tó tẹ̀ lé e. Ó yè, ṣùgbọ́n kò bọ̀rọ̀.

Ká ní àlòsọnù kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lóru ọjọ́ yẹn pẹ̀lú àpótí rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni à bá fi fa ọ̀rá rẹ̀ ya, ká kì í bọ̀, ká bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí pé ó wúlò fún jù nìyẹn. Ó wúlò fún òru, fún ọjọ́ Àìkú, fún aláìsàn tó wà ní yàrá reanimasíọ̀n, yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, tí a kò lè gbé kúrò, àti fún ẹni tí a ti mọ̀ pé kòkòrò burúkú wà lára rẹ̀ tí a kò fẹ́ kó kó o ran ẹlòmíràn. Ó sì ń ṣiṣẹ́: nínú ìdánwò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2020, wọ́n fi ṣe 60 CPRE ní Amẹ́ríkà, 58 ni wọ́n sì fi í parí láìyí padà sí okùn àtijọ́. Àwòrán rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ti ìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n láti ṣí ọ̀nà kí ọyún jáde, ó tó.

Owó ni àhesọ kò lè bò. Ẹyọ kan ń lọ sí nǹkan bíi 2,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan sẹ́fà nìyẹn, fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Òòjọ́ ta ni? Síbẹ̀ ẹ má tètè bú ẹni tó bá ní òun á rà á. Ilé-ìwòsàn tó ń ṣe CPRE lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ní láti ra okùn ogún mílíọ̀nù, kó ra ẹ̀rọ ìfọkùn, kó máa ra oògùn, kó gba ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́, bí wáyà èékánná bá sì já, Yúróòpù ni yóò gbé e lọ fún àtúnṣe. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àlòsọnù mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú kọ́bọ́ọ̀dù lè mọ́gbọ́n dání ju okùn kan tó máa ń bàjẹ́ lọ. Kìkì pé ilé tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù yẹn ni ọwọ́ dókítà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́ran. Ohun tó ń dun èmi nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Okùn tuntun kò sọ ọwọ́ di ọwọ́ tó mọ iṣẹ́.

Ọ̀nà àárín kan wà tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀: okùn àtijọ́ tí orí rẹ̀ ń bọ́, bí fìlà. Láti 2017 ni irú rẹ̀ ti wà. Wọ́n á sọ fìlà nù, búrọ́ọ̀ṣì á wá ráyè dé ibi tí kì í dé. Bí wọ́n bá bi mí kí ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà sí Àjàṣẹ́, òun ni mo máa sọ, pẹ̀lú àlòsọnù méjì fún òru.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù, ẹ̀gbọ́n yín kò tilẹ̀ ronú dé ibẹ̀. Bí ohun tó tó mílíọ̀nù kan bá wọ ilé-ìwòsàn wa, ta ni yóò sọ ọ́ nù? Èmi fúnra mi ti jẹ̀bi. Wáyà tí wọ́n fi ń la ẹnu ọ̀nà òróòro, àlòsọnù ni. Ó wà lára ọ̀rá rẹ̀: nọ́ńbà 2 nínú róbótó tí wọ́n fa ìlà gba orí rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbà kejì kò sí. Ní ilé-ìwòsàn kan, ọ̀gá wa ní ká máa rẹ ẹ́ sínú oògùn, ká máa gbé e pamọ́ fún tálákà tí kò lè ra tirẹ̀. Mo rẹ ẹ́. A rò pé àánú là ń ṣe. Lọ́jọ́ kan mo la ọ̀kan tí a ti “fọ̀” pẹ̀lú abẹ, mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ nínú rẹ̀, dúdú bí èédú. Láti ọjọ́ náà n kò rẹ òmíràn mọ́, bí ọ̀gá tilẹ̀ bínú. Okùn àlòsọnù tí wọ́n bá fọ̀ burú ju okùn àtijọ́ lọ, torí wọ́n kò ṣe é fún fífọ̀ rárá, kò sì sí ìlànà kankan tó sọ bí a ṣe lè mọ̀ pé ó mọ́. Nítorí náà bí ẹ bá sanwó àlòsọnù láéláé, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rá rẹ̀ hàn yín kí wọ́n tó fà á ya. Ẹ wo nọ́ńbà 2 yẹn, ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú. Kò sí ìwà àfojúdi níbẹ̀. (Ibi tí wọ́n ń jù ú sí lẹ́yìn náà tún jẹ́ ẹjọ́ mìíràn, nítorí rọ́bà àti wáyà iná tó ti wọ inú aláìsàn kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń ṣà lórí àkìtàn.)

Ewu tó sún mọ́ àbúrò yín ju ti kòkòrò orí okùn lọ sì wà. Ọ̀nà òróòro àti ọ̀nà páńkíréà, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, ẹnu kan náà ni wọ́n ń gbà jáde. Bí wáyà bá ń ṣìnà wọ ti páńkíréà, páńkíréà lè wú, ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bíi 3 sí 10 nínú 100 ènìyàn. Oògùn ìdí wà tí wọ́n ń fi sí aláìsàn láti dín in kù, díkílófẹ́nákì tàbí indomẹ́tásíìnì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ìdílé máa bi dókítà nìyí: CPRE mélòó lẹ ti ṣe lọ́dún yìí, ṣé ẹ máa fi oògùn yẹn sí i, ẹni tó ń fi oògùn oorun sùn ún ṣé ó mọ̀ pé SS ni? SS kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ láìsí sẹ́rọ́ọ̀mù lára, òtútù kò gbọ́dọ̀ mú un lórí tábìlì, atẹ́gùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á ní láti fún un lẹ́jẹ̀ ṣáájú. Kí ẹ sì tó bi wọ́n bóyá okùn náà jẹ́ àlòsọnù, ẹ bi wọ́n ta ló fọ̀ ọ́, báwo ni wọ́n ṣe gbẹ ẹ́. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ dáadáa kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Inú rẹ̀ á dùn ni.

Bí ẹ bá dé, tí okùn kankan kò sí tàbí tó bàjẹ́, ọ̀nà kò tíì tán. Wọ́n lè fi ekografí tọ́ abẹ́rẹ́ gígùn gba awọ ara wọ inú ẹ̀dọ̀, kí wọ́n fa òróòro tó há síta sínú àpò. Iṣẹ́ abẹ náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le fún ẹni tí kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi fóònù bèèrè kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lánàá lè má ṣiṣẹ́ lónìí, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ni nínú kí a máa gbé ẹni tó ń gbọ̀n kiri láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn.

Ẹ ní wọ́n kò rí òkúta náà yọ tán, pé wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà kékeré kan sílẹ̀ sínú ọ̀nà òróòro kó lè máa ṣàn. Iṣẹ́ tó dára ni wọ́n ṣe. Òru ọjọ́ yẹn, ọ̀nà láti ṣí là ń wá, òkúta lè dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pá yẹn kì í ṣe ohun ayérayé. Á máa dí díẹ̀díẹ̀, bó bá sì ti dí tán, ẹ tún padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi oṣù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún un. Wọ́n á tún ki okùn wọlé, wọ́n á yọ ọ̀pá, wọ́n á kó òkúta tó kù, lẹ́yìn náà wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀ lórí yíyọ àpò òróòro fúnra rẹ̀, àpò kékeré tí òróòro ń dúró sí lábẹ́ ẹ̀dọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òkúta yòókù jókòó sí.

Ìgbà kejì yìí ni ìbéèrè ẹ̀gbọ́n yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú àkókò rẹ̀. Kò sí ibà, kò sí ìkánjú. Ẹ lè bi ilé-ìwòsàn bóyá wọ́n ní àlòsọnù àti àpótí rẹ̀, tàbí okùn oní-fìlà, kí ẹ sì fi owó tó fẹ́ fi ra okùn ní Paris san án níbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri pẹ̀lú èédú bí kàlẹ́ńdà kò bá sí, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n láti ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Bí ibà tàbí gbígbọ̀n bá sì yọjú kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ má kọ̀wé sí mi. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀.